Wọ́n wá gbé máṣíìnì mi nítorí gbèsè: ṣé ó ti di tiwọn nìyẹn?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Aránṣọ ni mí ní Ìjọ̀ká, nílùú Àkúrẹ́. Mo yá ₦250,000 lọ́wọ́ àwọn kan tó ń yáni lówó, tí à ń san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ti san ₦160,000 kí àìsàn ọmọ mi tó dá mi dúró, mo wá jẹ wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 6. Lọ́jọ́ tí mo lọ ra òwú àti síìpù ní Ọjà Ọba, wọ́n kó ọkùnrin 4 wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n gbé máṣíìnì 2, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, àti Ghana-must-go tí aṣọ àwọn kọ́sítọ́mà wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń sunkún, wọn ò tilẹ̀ dá wọn lóhùn. Ọ̀kan nínú máṣíìnì náà, ti àǹtí mi ni, ó fi yá mi ni. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ta ìyẹn fún aránṣọ kan ní Oǹdó. Wọ́n ní ìwé tí mo fọwọ́ sí ló sọ pé àwọn lè gbé ohunkóhun tí àwọn bá bá lọ́wọ́ mi. Àbúrò ọkọ mi ní òun á kó àwọn ọmọkùnrin lọ gbé e jáde níbẹ̀. Ṣé gbèsè ti sọ ohun ìní mi di tiwọn ni? Kí ni kí n ṣe?"

Ìdáhùn: Rárá o. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi ọkàn yín balẹ̀ sí, nítorí mo mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Ẹ jẹ wọ́n lówó, òótọ́ ni. ₦90,000 ṣì wà nílẹ̀ kí a tó máa ka èlé. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n yá yín, owó náà ni wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ẹni tó yá ènìyàn lówó kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di olówó orí ilé rẹ̀, ọjà rẹ̀ àti irinṣẹ́ rẹ̀. Gbèsè ń rin ọ̀nà tirẹ̀, ohun ìní ń rin ọ̀nà tirẹ̀, àfi tí kóòtù tàbí àdéhùn tí òfin fọwọ́ sí bá mú wọn pàdé.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ bá mi pe àbúrò ọkọ yín lónìí. Mo mọ̀ pé ọkọ náà ni ẹ̀ ń pè é, kò sì rọrùn fún ìyàwó láti dá ọkọ lẹ́kun, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ìfẹ́ ló ń bá a jà. Ẹ sọ fún un pé lọ́yà ní kó má lọ. Òfin fàyè gba olóhun láti gba ohun rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e láìtọ́, tí kò bá ju ìwọ̀nba agbára lọ. Àmọ́ ìwọ̀nba yẹn tín-ín-rín gan-an. Tí ilẹ̀kùn ẹnì kan bá fọ́, tí orí ẹnì kan bá bẹ́, tí wọ́n bá wọ ọgbà tí kì í ṣe tiyín lóru, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ ni ẹ máa di ẹni tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, máṣíìnì náà á sì di ẹ̀rí tí wọ́n tì mọ́bẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀, kò sì yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí yín nígbà tí ẹjọ́ yín mọ́ tó báyìí.

Ohun tí wọ́n ṣe sí yín kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Láyé àwọn baba wa, ẹni tí wọ́n bá jẹ lówó lè rán ológò lọ dógò ti onígbèsè. Ológò á jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, á máa pariwo, á máa mú adìẹ, á máa mú ohun tó bá wù ú, títí tí ìtìjú á fi lé ará ilé jáde lọ wá owó. Ìlú tó ń lò ó nígbà náà mọ ìdí tó fi ń lò ó. Ṣùgbọ́n òfin tí à ń lò lónìí ti gba iṣẹ́ ológò lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó gbọ́dọ̀ lọ sí kóòtù, kó gba ìdájọ́, kí kóòtù sì rán bélífù tirẹ̀, ìyẹn òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń mú ìdájọ́ ṣẹ. Bélífù pàápàá kò lè gbá gbogbo ilé mọ́: òfin Sheriffs and Civil Process yọ aṣọ ìwọ̀, ibùsùn àti irinṣẹ́ òwò onígbèsè sílẹ̀, títí dé iye kan. Iye náà ti pẹ́ nínú òfin, kò tó nǹkan mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀: ẹni tí ẹ gba irinṣẹ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi san gbèsè?

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá. Èkó ló ti ṣẹlẹ̀, ọdún 1973 ni wọ́n dá a. Davies gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Lagos City Council láti fi mọ́tò rẹ̀ ṣe takisí. Kò yẹ kó gbé ìwé àṣẹ náà fún ẹlòmíràn, ó sì gbé e fún ẹlòmíràn. Council bínú, wọ́n gba mọ́tò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, adájọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀: Council lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ìwé àṣẹ tí wọ́n fi fún un, nítorí tiwọn ni. Mọ́tò ńkọ́? Ti Davies ni. Wọ́n dá Council lẹ́bi pé wọ́n sọ ohun olóhun di tiwọn. Ó ṣẹ̀ wọ́n lóòótọ́, síbẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò fún wọn lágbára lórí mọ́tò rẹ̀.

Èyí tó tún sún mọ́ tiyín ju ìyẹn lọ ni ẹjọ́ Kosile àti Folarin, tí Supreme Court dá ní 1989. Oníṣòwò mọ́tò kan ta mọ́tò fún ẹnì kan láwìn. Ẹni tó rà á kò tètè san ìyókù owó. Oníṣòwò náà lọ já mọ́tò gbà, ó tì í mọ́ ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé owó mọ́tò yẹn gan-an ni wọ́n jẹ ẹ́, kì í ṣe owó ohun mìíràn. Síbẹ̀ wọ́n dá a lẹ́bi. Mọ́tò ti di ti ẹni tó rà á, ohun tó kù fún olùtà ni owó, ọ̀nà owó sì ni kóòtù. Ó san owó ìyà fún gbígbà tó gbà á, ó tún san ti àìrí mọ́tò lò títí di ọjọ́ ìdájọ́. Tí ẹni tó ta mọ́tò kò bá lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ já a gbà, báwo ni ti ẹni tó kàn yá yín lówó, tí kò tà yín ní abẹ́rẹ́ kan?

(Haya pọ́ṣéèsì yàtọ̀ sí èyí o. Àwọn ọmọ tó ń wa kẹ̀kẹ́ Maruwa lójú ọ̀nà Oyèmẹ́kùn mọ̀ pé títí wọ́n á fi san owó ìkẹyìn, olówó ló ni kẹ̀kẹ́. Níbẹ̀ pàápàá, òfin Hire Purchase tí wọ́n ṣe ní 1965 ní tí ẹni tó gba ọkọ̀ bá ti san ìdá 3 nínú ìdá 5 owó rẹ̀, olówó kò lè dédé gbà á mọ́ láìjẹ́ pé ó lọ sí kóòtù. Tó bá gbà á tipátipá, àdéhùn ti tú nìyẹn, gbogbo owó tí wọ́n ti san á sì padà sọ́wọ́ ẹni tó san án.)

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo ọjọ́ yẹn bó ṣe lọ. Bí wọ́n ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n gbé ẹrù lọ, ẹ̀ṣẹ̀ kan nìyẹn, ẹ̀ṣẹ̀ fífọwọ́ kan ohun olóhun láìgba àṣẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ yìí kò nílò kí nǹkan bàjẹ́ kó tó di ẹ̀ṣẹ̀. Ní England, níbi tí a ti jogún òfin yìí, wọ́n dá obìnrin kan lẹ́bi ní 1876 nítorí pé ó kó ohun ọ̀ṣọ́ ẹbí rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú láti yàrá kan sí yàrá mìíràn nínú ilé kan náà. Ó lóun ń tọ́jú rẹ̀ ni, kò sì purọ́, ṣùgbọ́n wọ́n jí ohun ọ̀ṣọ́ náà nínú yàrá tó kó o sí, kò sì rí ẹ̀rí mú wá pé ó pọn dandan kóun kó o. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ní kó san, ṣùgbọ́n ẹ̀bi ni ẹ̀bi ń jẹ́. Láti yàrá sí yàrá lèyí o, mélòó mélòó ni láti Ìjọ̀ká lọ sí ibi tí ẹ kò mọ̀.

Bí wọ́n ṣe dì í mú títí di òní, ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyẹn. Àwa lọ́yà ń pè é ní detinue: pé o ń dá ohun olóhun dúró nígbà tí olóhun ti ní kí o kó o wá. Bí wọ́n sì ṣe ta máṣíìnì àǹtí yín, ẹ̀ṣẹ̀ kẹta nìyẹn, òun ni conversion: pé o ṣe sí ohun ẹlòmíràn bí ẹni pé ìwọ lo ni ín. Láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, detinue ni mo fẹ́ kí ẹ gbá mú ṣinṣin fún gbogbo ohun tó ṣì wà lọ́wọ́ wọn, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni owó wà.

Tí kóòtù bá dá yín láre ní detinue, ó lè pàṣẹ pé kí wọ́n dá máṣíìnì náà fúnra rẹ̀ padà. Tí wọn kò bá lè dá a padà, wọ́n á san iye rẹ̀, iye tí à ń wí sì ni iye ọjọ́ ìdájọ́. Ní conversion, iye ọjọ́ tí wọ́n tà á ni a sábà máa ń wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra òwú lọ́jà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí nílẹ̀ tí náírà wà lónìí. Ká sọ pé máṣíìnì tí ẹ rà ní ₦90,000 ti di ₦150,000 lọ́jọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín, tó wá di ₦260,000 lọ́jọ́ tí adájọ́ ka ìdájọ́. Ọ̀nà kan fún yín ní ₦150,000, ọ̀nà kejì fún yín ní ₦260,000. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ti jogún òfin yìí pa detinue rẹ́ nílé tiwọn ní 1977. Tiwa ṣì wà, inú mi sì dùn pé ó wà, nítorí òun ló ń gba ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ń falẹ̀ lọ́wọ́ ọjà tó ń gbówó lórí.

Yàtọ̀ sí iye máṣíìnì, owó àìríṣẹ́ṣe wà níbẹ̀. Ní 1952, kóòtù England kan dá ẹjọ́ ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀rọ iná háyà fún àwọn eléré orí ìtàgé. Wọ́n dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró láìtọ́, kóòtù sì ní kí wọ́n san owó háyà gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ náà fi wà lọ́wọ́ wọn, láìwò ó bóyá gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni oníbàárà ì bá fi wá. Tí ẹ bá ń háyà máṣíìnì báyìí kí ẹ lè máa rán aṣọ, owó yẹn wà lára ohun tí wọ́n jẹ yín. Ṣùgbọ́n kóòtù wa kì í fi ojú inú wo irú owó yìí o. Ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ ní kọ́bọ̀ ní kọ́bọ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀. Ohun tó máa ń dùn mí jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí nìyẹn: ènìyàn á wá lẹ́yìn ọdún méjì, á ní òun ti pàdánù tó mílíọ̀nù kan, kò ní rísíìtì kan, kò ní ìwé kan tó kọ nǹkan sí. Adájọ́ á káàánú rẹ̀, á sì fún un ní owó kékeré. Ẹ ra ìwé tuntun kan lọ́la. Lójoojúmọ́, ẹ kọ aṣọ tí ẹ kò lè gbà síbẹ̀, orúkọ ẹni tó gbé e wá, iye tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àti owó háyà tí ẹ san.

Kò sí detinue láìsí bíbéèrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kùnà níbí. Ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ohun yín, kí wọ́n sì kọ̀ kedere, tàbí kí wọ́n dákẹ́ kọjá àkókò tó bọ́gbọ́n mu. Ìpè orí fóònù àti ẹ̀bẹ̀ lásán kò tó. Ìwé ni kí ẹ kọ, kó sì lọ báyìí: "Ní ọjọ́ báyìí báyìí, ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjọ̀ká nígbà tí n kò sí níbẹ̀, ẹ sì gbé àwọn nǹkan wọ̀nyí. Tèmi ni wọ́n, tàbí wọ́n wà ní ìkáwọ́ mi. Mo ń béèrè pé kí ẹ dá wọn padà ní pípé láàárín ọjọ́ 7. Lẹ́tà yìí kò sọ pé n kò jẹ yín lówó. Ọ̀rọ̀ owó yàtọ̀, mo sì ṣe tán láti jókòó lórí rẹ̀." Lẹ́yìn náà, ẹ to ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: orúkọ tó wà lára máṣíìnì, àwọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà tó wà nídìí rẹ̀, ibi tó ti fọ́. Ẹ to aṣọ kọ́sítọ́mà pẹ̀lú: yáàdì mélòó, lésì tàbí àǹkárá, ti ta ni. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ ṣe. Kí ẹni tó gba ọ̀kan fọwọ́ sí èkejì. Tó bá kọ̀, kí ẹni tí ẹ rán kọ déètì àti orúkọ ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ àgbàlagbà tó lè dúró ní kóòtù. Alága ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ àdúgbò yín dára fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ máa ń parí síbi tí ẹgbẹ́ bá ti yọjú.

Ẹ̀bi dídá ohun dúró kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Koroye pe WAEC fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́, torí pé ó ti béèrè sátífíkéètì rẹ̀ tí wọn kò gbé e lé e lọ́wọ́. Supreme Court dá a láre ní detinue ní 1977. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí: bébà kan péré, àjọ ńlá kan níwájú, síbẹ̀ ẹni tó ni bébà ló borí.

Ó wá ku máṣíìnì àǹtí yín. Mo fura pé ìyẹn ló ń jẹ yín lọ́kàn jù, nítorí ojú tí ẹ fẹ́ fi wo àǹtí. Àwọn èèyàn yìí lè sọ ní kóòtù pé, "Ìwọ kọ́ lo ni ín, kí ló kàn ọ́?" Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti 1722. Ọmọdékùnrin kan ní London, tó ń gbá èéfín kúrò nínú ilé olówó, rí òrùka oníyebíye kan he. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan tó ń jẹ́ Delamirie kó lè mọ iye rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ náà díbọ́n bí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n, ó sì yọ òkúta inú rẹ̀. Ọ̀gá fi kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ̀ ọ́. Ọmọ náà kọ̀, ó ní kí wọ́n dá òrùka òun padà, wọ́n sì dá òrùka òfìfo lé e lọ́wọ́. Ọmọ tó rí nǹkan he lèyí o, kì í ṣe olóhun. Kóòtù ní, níwọ̀n ìgbà tí kì í bá ṣe ẹni tó ni òrùka gan-an ló yọjú, ọmọ yìí ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i ju ẹnikẹ́ni lọ. Nítorí pé alágbẹ̀dẹ kọ̀ láti gbé òkúta náà jáde, kóòtù ní kí wọ́n kà á sí òkúta tó dára jù lọ tó lè wọ inú òrùka yẹn, kí wọ́n sì fi ìyẹn díye lé e.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀. Máṣíìnì wà ní ìkáwọ́ yín, àǹtí ló fi síbẹ̀, nítorí náà ẹ lè pe ẹjọ́ lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ àwọn kọ́sítọ́mà, kódà ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè fún wọn, nítorí ẹ̀yin ni wọ́n gbé e fún. Èkejì ni pé tí wọ́n bá fi ohun pamọ́, tí wọ́n ní ó ti gbó, pé kò níye lórí, àpamọ́ wọn ń pa wọ́n lára ni. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí orúkọ àǹtí yín wà lórí ìwé ẹjọ́ pẹ̀lú yín. Á gé ọ̀rọ̀ kúrú, àǹtí náà á sì mọ̀ pé ẹ ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tó yá yín.

Ní ti aránṣọ tó rà á ní Oǹdó, Yorùbá máa ń sọ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òfin kò le tó bẹ́ẹ̀ sí i ní ọ̀rọ̀ olè jíjà: tí kò bá mọ̀, kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ rẹ̀ kò sọ máṣíìnì di tirẹ̀. Ẹni tí kò ni nǹkan kò lè fi tọrẹ, kò sì lè tà á kó wọlé. Ní 1875, ilé ìgbìmọ̀ tó ga jù ní England dá àwọn alágbàtà òwú kan lẹ́bi bẹ́ẹ̀: wọ́n ra òwú lọ́wọ́ oníjìbìtì láìmọ̀ rárá, wọ́n tà á síwájú, síbẹ̀ wọ́n san owó rẹ̀ fún olóhun. Ó le, mo gbà. Àmọ́ ẹni tó rà á náà ní ẹ̀tọ́ láti gba gbogbo owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un. Ẹ wá a lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú àǹtí àti àgbàlagbà kan. Ẹ sọ fún un pé ohun olóhun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má tà á, kó tọ́jú rísíìtì tí wọ́n fún un. Oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tiyín ni. Tí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹlẹ́rìí yín ló máa dà.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ni wọ́n á fi ṣe apata, n kò sì ní purọ́ fún yín pé ìwé kì í já mọ́ nǹkan. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wá gbé ohun báyìí lè rí i pé òun ti fi ẹnu ara òun ko ara òun. Láti 2017 pàápàá, òfin kan wà, Secured Transactions in Movable Assets Act, tó jẹ́ kí ayánilówó lè gba ohun tó ṣeé gbé ní ìdógò owó, kó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní National Collateral Registry. Ṣùgbọ́n òfin náà ń béèrè kí àdéhùn júwe ohun tí wọ́n fi dógò. "Ohunkóhun tí a bá bá lọ́wọ́ rẹ̀" kì í ṣe àpèjúwe tí mo lè gbà láìjiyàn. Bó ti wù kí ìwé náà le tó, ohun tí ẹ kò ni kò sí nínú rẹ̀. Ẹ kò lè fi máṣíìnì àǹtí dógò láìsí àǹtí níbẹ̀, ẹ kò lè fi lésì ìyàwó tuntun kan dógò fún gbèsè yín. Lórí ohun méjì yìí, ọwọ́ wọn ṣófo pátápátá. Ẹ tún béèrè ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń yáni lówó lọ́wọ́ wọn, nítorí ẹni tó ń ṣe òwò ayánilówó láìtẹ̀lé òfin rẹ̀ lè pàdánù ẹ̀tọ́ àti gba owó náà ní kóòtù. Wọ́n ti rí i bẹ́ẹ̀ ní 1956 nínú ẹjọ́ Kasumu àti Baba-Egbe, tó lọ láti ilẹ̀ wa títí dé Privy Council ní London, kóòtù ìkẹyìn fún wa láyé òyìnbó.

Tí wọ́n bá ní àwọn á fi ọlọ́pàá gbé yín, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Abala 32 òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí pé ó jẹ gbèsè tàbí pé ó da àdéhùn lásán. Tí wọ́n bá pè yín, ẹ lọ, ẹ mú ẹnì kan dání, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan níbẹ̀ pé ẹ ti gbà kí wọ́n ta ẹrù yín.

Ẹ tọ́jú ẹ̀rí láti òní. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, kí kálukú kọ ohun tó rí sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ wá rísíìtì máṣíìnì. Tí kò bá sí, ẹni tó tà á fún yín lè jẹ́rìí. Àwòrán inú fóònù tí máṣíìnì hàn nínú rẹ̀, kódà níbi tí ẹ ti ń ya aṣọ tí ẹ rán fún WhatsApp, wúlò. Ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì ta fóònù náà, nítorí abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 ń béèrè ìwé ìjẹ́rìísí nípa ẹ̀rọ tó gbé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jáde kí kóòtù tó gbà á wọlé. Àkókò náà kò dúró: òfin gbèdéke, èyí tó ń sọ iye àkókò tí èèyàn fi lè pẹjọ́, tí Western Region ṣe ní 1959, tí àwa náà jogún, fún irú ẹjọ́ yìí ní ọdún 6. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló ṣẹ̀ yín lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, oṣù 3 péré ni.

Tí ọjọ́ 7 bá pé tí wọn kò dáhùn, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council ní Àkúrẹ́ tí owó lọ́yà bá ká yín lára, ẹ kó gbogbo ìwé wọ̀nyí dání. Iye tí ẹ ń béèrè ló máa sọ bóyá kóòtù Májísíréètì ni tàbí Kóòtù Gíga. Ẹ mọ̀ kí ẹ tó lọ pé wọ́n lè fi gbèsè yín kojú ẹjọ́ náà, kóòtù sì lè yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n á san fún yín. Nítorí náà, tí ₦5,000 bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ san án sí àkáǹtì wọn, ẹ tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tó ń san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì ń béèrè ohun rẹ̀, adájọ́ máa ń fetí sí i. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀yin àti àwọn yìí kò ṣọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má torí ìyẹn fà sẹ́yìn.

Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí yẹn, ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀ nínú lẹ́tà kan náà. Tó bá jẹ́ pé wọn kò fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ẹ ti gba owó, ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀.